Bí A Ṣe Ń Fi Dátà Mọ Fíìmù Tó Jèrè Lóòótọ́

Bí wọ́n bá ní fíìmù kan pa mílíọ̀nù 200 dọ́là, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ. Èyí tó wọ àpò àwọn tó ṣe é lè má tó ìdajì. Dátà tí a lè fi ṣe ìṣirò náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń lò ó.

1. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo

Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo nǹkan nípa fíìmù yóò kó dátà jọ títí, kò ní rí nǹkan kan sọ. Ẹ jẹ́ ká mú èyí: ṣé fíìmù tí wọ́n náwó lé lórí jù ló ń jèrè jù?

2. Ẹ wá dátà

IMDb, ìkànnì tó ń kó ìsọfúnni nípa fíìmù jọ, ní fáìlì ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò bá fẹ́ fi ṣòwò: orúkọ fíìmù, ọdún, irú ìtàn, máàkì àti iye èèyàn tó dìbò. Kò sí owó níbẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lórí ìkànnì Box Office Mojo àti The Numbers. TMDB, ìkànnì fíìmù mìíràn, náà máa ń kọ owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù. Excel tó fún ẹgbẹ̀rún fíìmù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò lè gba ju ìlà 1,048,576 lọ. Fáìlì ńlá IMDb kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló máa gbé e.

3. Ẹ tún dátà náà ṣe

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí TMDB kò bá mọ owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù kan, 0 ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe fíìmù náà. Nínú fáìlì IMDb, \N ló ń dúró fún ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ má sì fi orúkọ so fáìlì méjì pọ̀, nítorí àìmọye fíìmù ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà IMDb tó fi "tt" bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lò. TMDB náà ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ kọ iye fíìmù tí ẹ yọ sílẹ̀. Fíìmù kékeré tó wọgbó láìsí ariwo kì í sábà ní ẹni tó máa kọ owó rẹ̀ síbì kan, nítorí náà àwọn ńlá àti àwọn tó ṣe dáadáa ló máa kù sínú dátà yín.

Owó ọdún 1939 kì í sì í ṣe owó òní. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di dọ́là ọdún kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

4. Ẹ ṣírò èrè

Ilé sinimá máa ń mú bí ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ìpolówó kò sì sí nínú owó tí wọ́n ní àwọn fi ṣe fíìmù. Fíìmù mílíọ̀nù 100 tó pa mílíọ̀nù 200 kò tíì san owó ìpolówó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé fíìmù gbọ́dọ̀ pa ìlọ́po méjì ààbọ̀ owó tí wọ́n fi ṣe é. Àfojúbù ni o: ní Ṣáínà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì péré ló ń kan ilé iṣẹ́ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, owó tẹlifíṣọ̀n kò sì sí nínú ìṣirò yìí rárá.

5. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́

Ẹ fi owó tí wọ́n ná pín wọn: èyí tí kò tó mílíọ̀nù 10, láti 10 dé 50, láti 50 dé 100, àti èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó tí wọ́n ná pín owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè mọ ìlọ́po mélòó ló pa. Lẹ́yìn náà, ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ pín in dọ́gba. Paranormal Activity, tí wọ́n fi bí 15,000 dọ́là ṣe, pa ju mílíọ̀nù 190 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po 12,000. Nínú ọgọ́rùn-ún fíìmù kékeré, òun nìkan yóò mú kó dà bíi pé gbogbo wọn pa ju ìlọ́po 120 lọ. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Ẹ tún ka iye tó dé ìlọ́po méjì ààbọ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn èyí jù, nítorí ó ń fi ewu hàn.

6. Ẹ fi irú wé irú

Fíìmù olówó ńlá máa ń jáde ní ilé sinimá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sábà máa ń jẹ́ apá kejì ìtàn tí èèyàn ti mọ̀. Owó nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà. Ẹ fi fíìmù adẹ́rùbani wé adẹ́rùbani, aláwàdà wé aláwàdà, kí ẹ sì ya ọdún 2020 sọ́tọ̀, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé sinimá pa káàkiri ayé.

Bí ẹ bá ń gbé èsì jáde, ẹ kọ iye fíìmù tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní fíìmù méje péré kò tíì lè sọ ohunkóhun.