Bẹ́ ẹ ṣe máa fi tánkì aláìlátẹ́gùn àti membrane fọ omi ilé iṣẹ́ bíà

Omi tó ń jáde nílé iṣẹ́ bíà, ṣúgà, ọtí, yíìsì àti èérí ọkà ló kún inú ẹ̀, COD ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bí ìdọ̀tí inú omi ṣe pọ̀ tó, sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 6,000 mg/L. Oúnjẹ ni gbogbo ẹ̀ fún àwọn kòkòrò tí ò fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n á jẹ ẹ́ di gáàsì, membrane, ìyẹn asẹ́ tí ihò ẹ̀ kéré gan-an, á wá dá wọn dúró sínú tánkì kómi nìkan jáde.

Àmọ́ iwájú tánkì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ fi asẹ́ irin kó èérí kúrò, ẹ jẹ́ kómi dúró ní tánkì ìdàpọ̀ ná, torí tí wọ́n bá fi kọ́sítíìkì sódà fọ páìpù, pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, lè fò dé 12 (bó ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù), bẹ́ẹ̀ 6.8 sí 7.4 làwọn kòkòrò yẹn fẹ́, pẹ̀lú ooru bíi 35 °C. Páúdà tí wọ́n fi ń sẹ́ bíà má gbọ́dọ̀ wọlé rárá, ó máa ń ha membrane bíi yanrìn.

Ẹ lọ wá ẹrẹ̀ táwọn kòkòrò yẹn kún inú ẹ̀ níbi tí irú tánkì bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ máa bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Èmi kánjú nígbà kan, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣí omi lé wọn lórí bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo, ni gáàsì bá wálẹ̀, gbogbo ẹ̀ kan, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó yé bínú sí mi. Ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ wọn ásíìdì tó wà nínú tánkì àti alkalinity, ìyẹn agbára omi láti má ṣe tètè kan, tẹ́ ẹ bá fi alkalinity pín ásíìdì tó ju 0.3 lọ, ẹ dín oúnjẹ kù kíá, ẹ má dúró de pH, ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má fa omi jù, lítà 5 sí 10 ní wákàtí kan lórí mítà onígun mẹ́rin membrane kan ti tó. Ṣé ẹ ti sẹ́ ògì rí? Téèrí bá dí aṣọ, tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, á túbọ̀ dí ni. Ẹ fà á fún bíi ìṣẹ́jú 9, ẹ sinmi 1, kí blower, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ gáàsì, máa fẹ́ gáàsì inú tánkì gangan sábẹ́ membrane, atẹ́gùn ìta kọ́ o, ìyẹn lè gbiná! Tí pressure tẹ́ ẹ fi ń fa omi gba membrane ò bá wálẹ̀ mọ́, hypochlorite (bíi bleach) ló ń fọ èérí tó ń yọ̀, citric acid ló ń fọ èérí tó le bí òkúta, ẹ ṣan án dáadáa láàárín méjèèjì torí tí wọ́n bá pàdé, gáàsì chlorine ló máa jáde.

Kílò COD kan táwọn kòkòrò bá jẹ máa ń fún yín ní mẹ́téènì, gáàsì tó ń jó, bíi 0.35 m³, ẹ lè fi dáná bọ́ílà. Ẹ má yọjú sí tánkì láìsí mítà gáàsì lọ́wọ́, H₂S, gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ yẹn, tó bá ti pọ̀, imú yín ò ní gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́.