Ẹ tọ́jú epo mọ́tò àtijọ́ kí òtútù tó dé

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ní Mustang tàbí Impala ti àwọn ọdún 1960, ẹ má kàn gbé e sí gáréèjì lásán o. Epo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà báyìí sábà máa ń ní ethanol, ìyẹn irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ìdá 10 nínú 100. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ da fuel stabilizer, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bà jẹ́, sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 10 kó lè dénú kabúrétọ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Bó bá ti gan tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, torí iná ni mò ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, tí kò sí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín, ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ gbádùn ohùn ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) yẹn dáadáa!