Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ sàlẹ́ńsà ọ̀kadà yín fúnra yín nílé

Nọ́ọ̀tì méjì ló sábà máa ń so sàlẹ́ńsà ọ̀kadà mọ́ ẹ́ńjìnnì níwájú, bóòtù kan tàbí méjì ló sì dì í mú lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn kì í yọni lẹ́nu. Nọ́ọ̀tì méjì iwájú yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Orí sítọ́ọ̀dù onírin, ìyẹn ọ̀pá kékeré bíi bóòtù tí kò lórí, ni wọ́n wà, sítọ́ọ̀dù ọ̀hún sì rì sínú hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Tí ọ̀kan bá kán sínú hẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe tán láàárín wákàtí kan ti di ti onídíríìlì nìyẹn. Torí náà, bí nọ́ọ̀tì àtijọ́ ṣe máa tú ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ti sàlẹ́ńsà tuntun.

Ẹ wò ó ná, bóyá tuntun lẹ nílò lóòótọ́. Inú ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sàlẹ́ńsà. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí ẹ́ńjìnnì bá jó máa ń mú omi tó tó nǹkan bíi lítà kan jáde, tó ń bá èéfín lọ. Ọ̀kadà tó ń ti Ìwó Road dé Mọ́níyà n'Íbàdàn, sàlẹ́ńsà rẹ̀ á gbóná débi tí omi náà á fi gbẹ. Èyí tí kò rìn ju ilé sí ọjà Bódìjà lọ, omi á máa dúró sí i nínú, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ sàlẹ́ńsà tí omi yìí ń gbà jò. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà dí i pa. Tí ibi tó lu kò bá ju orí ìka lọ, ẹ fi ẹnu sukudíráfà gún àyíká rẹ̀. Tó bá le, wẹ́dà lè lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tú u kúrò lára ọ̀kadà kó tó jó o, torí iná wẹ́dà lè ba CDI, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, jẹ́. Tí sukudíráfà bá ń wọlé, ẹ má fi owó ṣòfò lórí lílẹ̀. Kò sí irin tí iná máa mú níbẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ẹnu sítọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fín WD-40, ọ́ìlì tó ń tú ohun tó ti dípẹtà, sí i. Tí kò bá sí, ẹ kán díísù sí i. Ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì méjì. Lọ́pọ̀ ọ̀kadà kékeré, sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 ló ń tú iwájú, 12 tàbí 14 ló ń tú ẹ̀yìn. Ẹ fi ti yín wò kó má bàa yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà ni kí ẹ lò, torí olójú méjìlá máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Lára àwọn kan, ẹ máa ní láti kọ́kọ́ tú irin ìtẹsẹ̀ kí ọwọ́ tó ráyè.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ tún tú u. Ọwọ́ yín ló máa sọ ohun tó ń lọ. Nọ́ọ̀tì tó fẹ́ tú máa ń dún "ká" lẹ́ẹ̀kan, á wá máa yí. Èyí tó fẹ́ kán máa ń fà bíi pé rọ́bà lẹ ń lọ́: sípánà ń lọ, ṣùgbọ́n kò dún, tí ẹ bá sì dẹwọ́, á tún fà padà díẹ̀. Sítọ́ọ̀dù ló ń lọ́ yẹn. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì sí i, kó tún sùn mọ́jú. Tí kò bá gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì tó máa fi iná mú nọ́ọ̀tì náà gbóná. Tó bá jẹ́ pé sítọ́ọ̀dù bá nọ́ọ̀tì jáde lódidi, kò sí wàhálà. Ẹ ra tuntun, ẹ dè é padà.

Tí iwájú bá ti tú, ẹ fi ọwọ́ kan gbá sàlẹ́ńsà mú kí ẹ tó yọ bóòtù ẹ̀yìn. Ẹ gbé e dání lọ sọ́jà, yálà Arárọ̀mí ní Agodi Gate tàbí ṣọ́ọ̀bù páàtì ládùúgbò. Ẹ to méjèèjì pọ̀: kí ihò iwájú bára mu, kí etí ẹ̀yìn wà ní ibi kan náà. Ẹ gbé tuntun wò lọ́wọ́; tó bá fúyẹ́ ju ti àtijọ́ tó ti jẹrà lọ, páànù rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ mì í. Kò gbọdọ̀ dún nínú. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì olóruka bàbà kan, èyí tó ń dí àlàfo láàárín sàlẹ́ńsà àti hẹ́ẹ̀dì, àti nọ́ọ̀tì idẹ méjì, torí idẹ kì í lẹ̀ mọ́ irin bí irin ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin.

Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò hẹ́ẹ̀dì, á sì dúdú débi tí ẹ máa rò pé ara hẹ́ẹ̀dì ni. Ẹ fi sukudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá to tuntun lé e lórí, ẹnu sàlẹ́ńsà kò ní jókòó, èéfín á sì máa fẹ́ jáde níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí èérún ìdọ̀tí má já sínú, torí ó lè gba ojú fáàfù wọ síláńdà.

Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ àyè rẹ̀ kó má bàa já. Ẹ fi ìka nìkan wé gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù mọ́ ọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ dè iwájú ṣáájú, ní ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ sí èkejì, ẹ tún padà. Fún sítọ́ọ̀dù M6 (èyí tó nípọn tó mílímítà mẹ́fà), agbára ìdè tó tó nǹkan bíi 10 Nm ti tó: sípánà kúkurú, agbára ọwọ́ kan. Ẹ̀yìn lẹ máa dè kẹ́yìn. Àwọn tó ń kọ́kọ́ dè ẹ̀yìn ni sàlẹ́ńsà wọn ń sán létí, torí irin náà á wà ní fífà ní gbogbo ìgbà tó bá gbóná. Tí ihò ẹ̀yìn kò bá ṣe déédéé, ẹ fi wáṣà kún àlàfo náà, ẹ má fi tipátipá fà á.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ májèlé ni. Kó rú èéfín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú, ọ́ìlì àti ọ̀dà ara rẹ̀ ló ń jó. Ẹ fi àkísà tútù dí ẹnu ẹ̀yìn díẹ̀: tí ẹ bá gbọ́ "ṣíì" níwájú, èéfín ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Ẹ gùn ún gòkè Mápó, kí ẹ sì dẹ ọwọ́ iná bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ń dún "pọ́-pọ́" bí kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ ibi gásíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá tutù, ẹ tún dè iwájú, nítorí bàbà máa ń fún pọ̀ lẹ́yìn ìgbóná àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bíi 100 kìlómítà.