Bí a ṣe ń sàmì odò sí ẹ̀gbẹ́ ilé

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe l'Adó-Èkìtì, ilé mi kò sì jìnnà sí odò Ajílòsun. Bí òjò bá ti dá, àwọn ará àdúgbò á jáde wo odò, wọ́n á ní, "Ó ti ń kún o." Ó kún dé ibo? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi kankéré ri ọ̀pá irin kan mọ́ bèbè odò, kó ga ju ẹnu ọ̀nà ilé yín lọ, kí ẹ sì lè máa rí i láti ojú fèrèsé. Ọ̀gangan ilé yín ni kó wà. Ojú odò máa ń dagẹrẹ, bí ìdọ̀tí bá sì dí kọ́fátì, omi á ga lókè rẹ̀, á rẹlẹ̀ nísàlẹ̀, òjò kan náà ni.

Rọ́bà tó mọ́ gaara tí a fi ń mú ìpele nídìí iṣẹ́ ni ẹ máa lò. Ẹ rọ omi sí i, kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Kí ẹnìkan di etí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíràn di èkejì mú sára ọ̀pá. Nígbà tí omi tẹnu ọ̀nà bá bá ìloro dọ́gba, ibi tí tọ̀hún dúró sí lára ọ̀pá ni odò máa dé kó tó wọlé. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ rí wa níbẹ̀: "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé fún odò ni?" Mo ní, "Ìyá, òun ló fẹ́ wá gbé tiwa."

Ẹ kun ọ̀dà funfun síbi tí omi ti máa kún bèbè dẹ́nu. Ẹ má kun pupa sí ọ̀gangan ìloro o; ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Yẹ́lò á wà láàárín.

Omi kan funfun: ẹ di ìwé ilé àti oògùn sínú ọ̀rá, ẹ gbé oúnjẹ sókè, ẹ gba iná sí fóònù. Yẹ́lò: ẹ pa iná nídìí mítà, kí arúgbó àti ọmọdé kúrò. Pupa: kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́kù. Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 lè gbé mọ́tò kékeré.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni aago. Ẹ kọ àkókò tí omi kan funfun àti èyí tó kan yẹ́lò sílẹ̀. Bó bá yára, ẹ má dúró de pupa. Ẹ má sì torí pé òjò dá kí ẹ padà sùn, nítorí omi òkè odò ṣì ń bọ̀. Odò kékeré bíi tiwa lè kún láàárín wákàtí mélòó kan. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gòkè. Wọ́n ka nǹkan bíi mítà 12.8 níbẹ̀ ní 2012. Kì í ṣe pé odò jìn tó bẹ́ẹ̀. Láti ibi òdo tí wọ́n yàn fún ọ̀pá wọn ni wọ́n ti ń kà á. Torí náà ẹ má fi nọ́ńbà ibòmíràn wọn odò yín. Ẹ ṣáà máa gbọ́ ìròyìn Lọ́kọ́ja bí ẹ bá ń ti Adó lọ Àbújá: ní 2022, omi bo ọ̀nà, táńkà epo kò lè kọjá, epo sì wọ́n l'Ábújá.

Bí omi bá fà, ẹ má mu omi kànga tí àgbàrá wọ̀. Ẹ má tètè sùn sílé alámọ̀ náà: ògiri tó ti mumi lè wó lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀dà ara ọ̀pá máa ń ṣí. Nígbà ọyẹ́ ni kí ẹ tún un kùn.