Ọ̀nà iná yí oko kájù ká: koríko gígé ló jẹ owó wa

Owó tí a fi la ọ̀nà iná, ìyẹn ilẹ̀ tí a ro mọ́ kí iná pápá má bàa wọ oko, yí oko kájù ká ní Òkè-Ògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tí a dá lé e. Koríko tí wọ́n gé tí wọn kò kó ló fà á, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Àwa apaná abúlé kì í gbowó. Ti alágbàṣe nìkan là ń san. Ìparí oṣù kọkànlá la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ kò tíì mú. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà a fẹ ọ̀nà ìhà ibẹ̀ tó mítà 10. Mítà 5 la fi sí ìyókù. Wíwọn ilẹ̀ àti gígé igi wẹ́wẹ́ kò gba àlàyé.

Àwọn alágbàṣe gé eruwà àti bẹẹrẹ balẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Lókèèrè, ọ̀nà ti là. Bẹ́ẹ̀ koríko gígé tètè ń gbẹ ju èyí tó dúró lọ, torí gbòǹgbò kò fún un lómi mọ́. Kí ọyẹ́ tó fẹ́ pẹ́, ó ti di ìtùfù tí wọ́n nà láti inú pápá wọ oko. Mo fi ọwọ́ tú u: òkè ń rún wómúwómú, ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ewé kájù gbígbẹ tó nípọn tó ìka mẹ́rin. Iná lè rìn lábẹ́ irú ewé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Àwọn alágbàṣe ní kíkó koríko kò sí nínú àdéhùn. A tún sanwó. Ìhà pápá ni kí ẹ kó koríko sí, ẹ má kó o sí ìhà oko láé: kájù ń tanná láti oṣù kejìlá, ooru nìkan sì tó láti pa òdòdó rẹ̀ bí igi kò tilẹ̀ jó. Ẹ wá fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí erùpẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ hú ìdí eruwà, ẹ yí kùkùté àti igi jíjẹrà kúrò, ẹ ṣa ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, torí ẹyín iná ń sá pamọ́ sínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la sun òkìtì koríko tí a kó jọ, nígbà tí atẹ́gùn rọ̀. Ẹ̀rọ àpọ̀nsẹ́yìn oní-lítà 16, tí a ti fọ oògùn kúrò nínú rẹ̀ dáadáa, ló gbé omi. Aṣọ la fi sẹ́ omi odò kí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ má bàa dí. Ẹ̀ka tútù la fi ń pa etí iná: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ wọ́ ọ. Ẹni tó bá ń gbé e sókè fi na iná ń fọ́n ẹyín iná káàkiri ni.

Ọ̀nà náà dára gan-an, ilẹ̀ pupa láti òpin dé òpin, orí mi sì wú. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé “kíkó àti híha dé erùpẹ̀”, kí ẹ sì mú ìdajì owó dání títí ẹ ó fi rìn ín já. Lóṣù kìíní, ẹ tún gbá a, ewé kájù á ti wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.