Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé pamọ́: àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kó dáhùn mọ́

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ilé ló ti ra sólà, tí wọ́n sì ti jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀ tí bátìrì sólà sì kú, wọ́n á fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí apá á fi máa ro wọ́n, kò ní dáhùn.

Epo tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Bẹntiróòlù kì í ṣe epo pupa tí a lè rọ sínú àgbá kó wà níbẹ̀ fún ọdún. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á sì máa lẹ̀ bí oje igi nínú kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Ihò tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ìdọ̀tí kékeré ló máa dí i. Ti màmá mi rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì la san owó fífọ kabúrétọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa.

Àwọn míì á fa epo inú táǹkì jáde, wọ́n á gbàgbé kabúrétọ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn. Ẹ ti ibi tí epo ń gbà jáde lábẹ́ táǹkì pa, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀ kí ìyókù lè kán dànù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí iná. Májèlé tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé sójú oorun.

Má sì ṣe sọ pé ìgbà tí o bá fẹ́ lò ó ni wàá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ti dúdú ní ìdọ̀tí tó ń jẹ irin. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń ṣàn jáde dáadáa. (Àwọn kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo kò sí nínú èyí.)

Èyí tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ kì í ṣe rárá ni ti pọ́lọ́ọ̀gì, ìyẹn èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Tú u, da ọ́ìlì tuntun tó kún ṣíbí kan sínú ihò rẹ̀, rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o dá a padà. Lẹ́yìn náà, rọra fà á títí okùn á fi wúwo, kí o dúró síbẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rinrin ń gbà wọlé ti pa dé nìyẹn.

Ẹ má fi ọ̀rá di jẹnẹrétọ̀ pa nígbà tó ṣì gbóná, á làágùn nínú, irin á sì dípẹtà. Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná tí sìlíńdà gáàsì wà. Bó bá jẹ́ èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ tan, ẹ yọ wáyà bátìrì rẹ̀.