Bí A Ṣe Ń Jókòó Ti Eré Ojú Agbo Jimi Hendrix ti Ọdún 1970

Ní Àbújá níbí, láti Kubwa títí dé Lugbe, àwa ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn gìtá rọ́ọ̀kì kò pọ̀ tó àwọn olólùfẹ́ fújì, ṣùgbọ́n a ń rí ara wa, a sì máa ń pé jọ lọ́sàn-án Sátidé sínú pálọ̀ ẹni tí iná rẹ̀ bá ṣeé gbára lé. Orúkọ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni ti Jimi Hendrix, ọmọ Seattle ní Amẹ́ríkà, tó kú ní London ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970, lẹ́ni ọdún 27. Ikú yẹn ló sì máa ń gba orin mọ́ wa lọ́wọ́. A ó fi eré kan sí i láti inú oṣù mẹ́fà tó lò kẹ́yìn, ẹnìkan á ní òun ń gbọ́ ìdágbére nínú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ìjíròrò á fi kúrò lórí gìtá pátápátá. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbọ́ àwọn eré náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tó wà láàyè, tó sì ń ṣètò ohun tó kàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣí Electric Lady, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó kọ́ fún iṣẹ́ ara rẹ̀ ní New York. Èmi kò rí ìdágbére kankan níbẹ̀.

Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìpàdé. Kí ẹni tó ń gbàlejò ti ra orin náà, kí ó sì ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀dà tí ìdílé Hendrix fọwọ́ sí ni kí ó rà, nítorí àwọn ẹ̀dà tí ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn máa ń gé ìparí orin dànù, wọ́n sì máa ń gbé ọjọ́ eré kan lé eré mìíràn lórí. Kí bátìrì kún dáadáa, nítorí bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé, gìtá béèsì ló máa kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè lóye àwọn eré wọ̀nyí láìgbọ́ béèsì. Ẹ gbé sípíkà méjì jìnnà síra. Àkókò tó dára jù ni ẹ̀yìn ìrun Alásárì sí ìgbà tí Màgáríbì bá ń súnmọ́, nítorí mọ́sáláṣí kì í jìnnà sí ilé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ọ̀wọ̀ aládùúgbò sì ṣe pàtàkì ju orin lọ.

Ìrìn-àjò eré tó ṣe kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní The Cry of Love, bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, ọdún 1970. Mitch Mitchell ló ń lu ìlù. Billy Cox, tí òun àti Hendrix ti mọra láti ìgbà tí wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ ológun, ló ń ta béèsì. Bí ẹ bá kó gbogbo ohùn tó wà kalẹ̀, etí á kún, ọ̀rọ̀ á sì fọ́nká. Eré mẹ́rin ti tó. Ẹ fi èyí tó wáyé ní Fillmore East ní New York, ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní ọdún náà, ṣe ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára ìrìn-àjò náà, nítorí Buddy Miles ló lu ìlù níbẹ̀, ìyàtọ̀ ọwọ́ onílù méjèèjì á sì yé ẹ̀yin tó ń gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Berkeley ní California, ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún; erékùṣù Maui ní Hawaii, ọjọ́ 30, oṣù Keje; àti erékùṣù Isle of Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti gun orí ìtàgé lóru mọ́jú ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ.

Orin kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọn eré mẹ́ta nínú wọn: Machine Gun, orin ogun tí Hendrix máa ń dárúkọ àwọn ọmọ ogun tó wà ní Vietnam kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Fillmore East, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́ẹ̀kìíní, ìlù nìkan ni kí etí yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí Buddy Miles ṣe ń dún bí ìbọn tí kò dáwọ́ dúró, tí gìtá sì ń dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, béèsì: gbólóhùn kúkúrú kan ni Billy Cox ń tún ta ṣáá, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i padà, ìdúróṣinṣin rẹ̀ yẹn ló fún gìtá láyè láti rìn jìnnà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni kí ẹ tó fi etí sí gìtá. Nígbà tí orin kíkọ bá dáwọ́ dúró tí gìtá bá fẹ́ dá ohùn gbé, ẹ ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó fà gùn, tó ń gbọ̀n, tí kò sì jábọ́ títí ẹni tó ń gbọ́ ọ á fi mọ̀ pé òun ti di èémí mú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa gìtá, mi ò tíì gbọ́ ohùn kan tó sunkún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún un gbọ́.

Nígbà náà ni kí ẹ wá lọ sí Isle of Wight. Ti Fillmore East lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 12. Èyí kọjá ìṣẹ́jú 20. Mitch Mitchell kì í lu ìlù bí Buddy Miles: ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ jù, ó sì máa ń yí ìlù ká dípò kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí gìtá náà fi gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbi tí ohùn bá ti rọlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń fi rédíò ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó ń gba inú amplifier Hendrix, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, jáde. Kì í ṣe àbùkù ẹ̀dà tiyín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójú agbo nìyẹn, tí ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá dé orí orin Red House níbẹ̀, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ohùn gìtá ti yàtọ̀, nítorí Gibson Flying V ló gbé lọ́wọ́, kì í ṣe Fender Stratocaster tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí òun ọlọ́wọ́ òsì máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ ta.

Ti Maui ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gidigidi lọ́jọ́ náà tó fi di pé wọ́n gé fóòmù inú àpótí ohun èlò, tí wọ́n sì fi í bo àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò dára, Mitch Mitchell sì tún ìlù náà lù ní Electric Lady lẹ́yìn tí Hendrix ti kú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá ń yin bí ìlù àti gìtá ṣe ń gbọ́ ara wọn yé ní Maui, ẹ rán an létí pé gìtá náà kò gbọ́ ìlù yẹn rí. Kò bu eré náà kù lójú tèmi. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ tó ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti lọ ni mo ń gbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbà tí wọ́n lu ìlù náà yé gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó fi ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń le sí ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Isle of Wight. Ní Aarhus, ní orílẹ̀-èdè Denmark, ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ó kúrò lórí ìtàgé lẹ́yìn orin bíi mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbẹ̀, tí wọ́n á ní òpin ti dé. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa Copenhagen lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ta gìtá dáadáa tí àwọn èrò sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ikú sínú Aarhus gbọ́dọ̀ ṣàlàyé Copenhagen fún wa. Lẹ́yìn Berlin, eré tó kẹ́yìn wáyé ní erékùṣù Fehmarn ní Jámánì, ní ọjọ́ 6: òjò àti afẹ́fẹ́ ti sún un síwájú láti ọjọ́ kan, àwọn kan nínú èrò sì hó lé e lórí, síbẹ̀ ó ta gìtá títí dé orí orin Voodoo Child. Àìsàn Billy Cox ló dá ìyókù ìrìn-àjò náà dúró. Ní ọjọ́ 16, Hendrix bá akọrin Eric Burdon àti ẹgbẹ́ olórin War ṣeré ní Ronnie Scott's, ilé eré jáàsì kan ní London. Ohùn tí ẹnìkan gbà láti àárín èrò ló wà níbẹ̀, kò sì mọ́ gaara rárá. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ dín béèsì kù, ẹ dín ariwo kù, ẹ má sì fi kásẹ́ẹ̀tì burúkú ṣèdájọ́ ọwọ́ onígìtá.

Nígbà ìjíròrò, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ nǹkan dárúkọ ìṣẹ́jú tí ó wà nínú orin. Àwọn àgbà wà láàárín wa, ó sì lè ṣòro fún àwọn àbúrò láti ta kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí a dárúkọ máa ń gbé ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ papọ̀: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣẹ́jú kẹrin.» Lórí ikú rẹ̀, ẹ sọ èyí tó wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì kọjá: ó lo oògùn oorun, èébì há a lọ́nà ọ̀fun, ẹni tó wádìí ikú náà kò sì fẹnu ìdájọ́ rẹ̀ ti ibì kan. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ Hausa tàbí ẹnikẹ́ni tó ń ti Katsina tàbí Kano wá, ẹ pè é. Ó lè mú orin Bombino, onígìtá láti Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, wá, ọmọ Tuareg tó wo fídíò Hendrix nígbà tó ń kọ́ gìtá, èyí tó fi hàn pé ìró náà ti kọjá aginjù dé ẹnu ibodè wa.

Fún ìpàdé kejì, ẹ mú eré Berkeley nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣeré lọ́jọ́ kan náà nínú gbọ̀ngàn kan náà, ó sì ta Machine Gun nínú méjèèjì. Odidi eré kejì jáde lórí CD ní ọdún 2003. Kí ẹnìkan kọ ohun tó yí padà láàárín méjèèjì sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì kọ ohun tí kò yí padà.